Stabilizer aláìníbátìrì yìí dáa, àmọ́ kámẹ́rà tó fúyẹ́ máa mì lórí ẹ̀ tẹ́ ò bá fi irin kún un

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ stabilizer yìí, ìyẹn ohun tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé kí fídíò má bàa gbọ̀n: ó dáa, mo fẹ́ràn ẹ̀, ẹni tó bá sì bi mí, màá ní kó rà á. Àmọ́ tó bá jẹ́ kámẹ́rà kékeré tó fúyẹ́ lẹ fẹ́ gbé sórí ẹ̀, ẹ má gbé e síbẹ̀ lásán. Ẹ fi irin sábẹ́ ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń pariwo pé stabilizer ò ṣiṣẹ́, pé fídíò àwọn ṣì ń gbọ̀n, ìwúwo ni wọn ò fún un, wọ́n rò pé bí kámẹ́rà bá ṣe fúyẹ́ tó náà ló ṣe máa rọrùn tó láti mú dúró, bẹ́ẹ̀ òdìkejì ẹ̀ gan-an ló rí.

Oríṣi tí kì í lo bátìrì rárá ni mò ń sọ o, èyí tẹ́ ẹ máa ń fi ọwọ́ kan gbé. Ọ̀pá kan wà láàárín tó ṣeé fà gùn, pẹpẹ kékeré wà lókè tí kámẹ́rà máa jókòó sí, irin gbọọrọ kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ń to àwọn wéètì roboto sí níwájú àti lẹ́yìn, ibi ìdìmú wá so mọ́ ọ̀pá yẹn lábẹ́ kámẹ́rà pẹ̀lú oríkèé kan tó ń yí síbi gbogbo, òun ni gimbal ẹ̀. Àlùmíníọ́mù lara ẹ̀. Oríṣiríṣi orúkọ ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ irú ẹ̀ tí wọ́n fi ń tà á, ara kan náà ni, síkúrù kan náà ni, torí náà mi ò ní dárúkọ èyí tó wà lọ́wọ́ mi, ohun tí mo bá sọ nípa ẹ̀ ẹ lè fi yẹ tiyín wò.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ò le láti yé èèyàn. Ọwọ́ wa kì í dúró jẹ́ẹ́, kódà téèyàn bá rò pé òun ò mira rárá, iṣan ọwọ́ ń gbọ̀n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ní nǹkan bí ìgbà 8 sí 12 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan. Tẹ́ ẹ bá wá ń rìn, ẹsẹ̀ á tún fi tiẹ̀ kún un, nǹkan bí ìṣísẹ̀ méjì ní sẹ́kọ́ńdì kan. Iṣẹ́ gimbal yẹn ni pé kó yọ ọwọ́ yín kúrò nínú ọ̀rọ̀ kámẹ́rà, kó jẹ́ pé tí ọwọ́ bá yí, ọ̀pá ò ní bá a yí. Àmọ́ kò sí bẹ́rínì kankan, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí oríkèé yẹn yí, tí kì í fà díẹ̀, bó ti wù kó dán tó, torí náà díẹ̀ nínú gbígbọ̀n ọwọ́ yẹn á ṣì gòkè dé ọ̀dọ̀ kámẹ́rà. Ohun tó máa sọ bóyá kámẹ́rà á dá a lóhùn àbí kò ní dá a lóhùn ni bí gbogbo nǹkan tó wà lórí ọ̀pá yẹn ṣe wúwo tó, àti bí ìwúwo náà ṣe jìnnà síra tó. Ẹ fi ìka kan ti garawa òfìfo, kẹ́ ẹ wá fi ìka yẹn náà ti èyí tó kún fómi. Kámẹ́rà tó fúyẹ́ lórí stabilizer, garawa òfìfo yẹn ni.

Ìjìnnà yẹn gan-an tún lágbára ju ìwúwo lọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fọkàn sí ibí yìí torí ọ̀fẹ́ ni. Tẹ́ ẹ bá sọ ìwúwo di ìlọ́po méjì, agbára tí stabilizer máa fi kọ̀ láti yí náà á di ìlọ́po méjì. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi ìwúwo yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà, kẹ́ ẹ wá sún un jìnnà sí ọ̀pá ní ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin lagbára yẹn máa dà. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ti àwọn wéètì ìsàlẹ̀ débi tó parí sí, níwájú àti lẹ́yìn, dípò kí n kó wọn jọ sẹ́bàá ọ̀pá bí wọ́n ṣe yà á sínú ìwé tó bá a wá. Láti sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 péré, agbára tó fi ń kọ̀ láti yí sọ́tùn-ún sósì ti ju ìlọ́po méjì lọ, ẹ ò sì tíì fi gíráàmù kan kún un.

Kì í ṣe èmi nìkan ló ń sọ ọ̀rọ̀ ìwúwo yìí, ẹ wo bí àwọn tó ń ṣe é fúnra wọn ṣe ń pín in. Stabilizer aláìníbátìrì tí wọ́n ń pè ní Glidecam HD-2000, bí àpẹẹrẹ, kámẹ́rà tó wà láàárín nǹkan bí kìló 0.9 sí 2.7 ni wọ́n ṣe é fún, HD-4000 ti nǹkan bí kìló 1.8 sí 4.5. Iye tó kéré jù yẹn làwọn èèyàn ò kì í kà, èyí tó pọ̀ jù nìkan ni wọ́n ń wò, torí wọ́n ń bẹ̀rù kó má ṣẹ́. GoPro kan, ìyẹn irú kámẹ́rà kékeré tí wọ́n ń pè ní action camera, ò ju nǹkan bíi 150 gíráàmù lọ. Kámẹ́rà mirrorless kékeré, ìyẹn èyí tí kò ní dígí nínú, tó sì ṣeé pààrọ̀ lẹ́ǹsì ẹ̀, pẹ̀lú lẹ́ǹsì kékeré, ó lè má tó 600 gíráàmù. Ẹ wá gbé ìyẹn sórí ohun tí wọ́n ṣe fún kìló méjì, kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Garrett Brown, ará Amẹ́ríkà tó ṣe Steadicam, stabilizer tí wọ́n fi ń ya fíìmù, láwọn ọdún 1970, tí fíìmù tí wọ́n kọ́kọ́ fi yà jáde ní 1976, tí wọ́n sì fún òun àtàwọn ẹlẹ́rọ iléeṣẹ́ Cinema Products ní Oscar torí ẹ̀ ní 1978, kámẹ́rà fíìmù tó wúwo gan-an ló gbé sórí tiẹ̀. Ìwúwo yẹn, ara ohun tó ń jẹ́ kó dúró ni. Àwa tá a ń lo kámẹ́rà òde òní tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ àpò, àwa la máa fọwọ́ ara wa dá a padà.

Ohun tí mo rí nígbà tí mo gbé action camera sórí tèmi láìfi nǹkan kan sí i nìyí. Kí n tó lè jẹ́ kó dúró ṣánṣán, mo ní láti yọ wéètì ìsàlẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, gbogbo ẹ̀ wá fúyẹ́ débi pé tí mo bá kàn gbé ìka lé ọ̀pá, ilẹ̀ àti sánmà inú àwòrán á dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á rọra padà, á tún kọjá sí ẹgbẹ́ kejì. Kì í ṣe gbígbọ̀n wàrà-wàrà yẹn o, fífì ni, ó ń fì bíi pé inú ọkọ̀ ojú omi lẹ ti yà á. Atẹ́gùn díẹ̀ báyìí, ó ti kọjú síbòmíì.

Mo wá fi pèlétì irin sáàárín kámẹ́rà àti pẹpẹ. Kì í ṣe nǹkan ńlá: irin tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10, tó fẹ̀ ní 7, tó nípọn ní 1, máa wúwo tó nǹkan bí 550 gíráàmù, torí irin tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà kan, tó fẹ̀ ní kan, tó nípọn ní kan, tó nǹkan bíi gíráàmù 7.8. Ẹni tó ń jó irin lè gé e fún yín, kó dá ihò sí i, síkúrù kámẹ́rà jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin íńṣì, eyín 20 ló wà nínú íńṣì kan ẹ̀, èyí tó tóbi jù ú lọ sì jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ íńṣì. Ẹ ṣọ́ra kí síkúrù má gùn jù, tó bá kanlẹ̀ nínú ihò kámẹ́rà tẹ́ ẹ ṣì ń fi tipátipá yí i, ẹ máa ba ìdí kámẹ́rà jẹ́. Nígbà tí irin yìí wọlé, mo dá wéètì ìsàlẹ̀ padà lọ́kọ̀ọ̀kan láti fi bá a dọ́gba, àpapọ̀ ẹ̀ wá wúwo dáadáa lọ́wọ́, àwòrán náà yàtọ̀ pátápátá. Bí mo bá yí, á rọra bẹ̀rẹ̀, á rọra dúró. Bí atẹ́gùn fẹ́, kò tètè dá a lóhùn. Kámẹ́rà kan náà ni, lẹ́ǹsì kan náà, ọwọ́ kan náà. Tẹ́ ẹ bá ní pèlétì tripod kan tó wúwo, tàbí bátìrì ìta kan tẹ́ ẹ lè so mọ́ abẹ́ ẹ̀, ìyẹn náà á ṣe díẹ̀, irin ṣì lọ̀gá wọn.

Ó ku bẹ́ ẹ ṣe máa mú un dọ́gba, ibẹ̀ sì ni stabilizer yìí ti ń jẹ mí níyà díẹ̀. Àwọn tó dáa jù máa ń ní kókó kékeré tẹ́ ẹ máa yí tí pẹpẹ á fi máa sún wẹ́rẹ́, tèmi ò ní, ẹ máa tú síkúrù méjì, ẹ máa fi àtàǹpàkò ti pẹpẹ, ẹ máa so ó padà, lọ́pọ̀ ìgbà ó sì máa sún kọjá ibi tẹ́ ẹ fẹ́. Ọgbọ́n tí mò ń dá sí i ni pé mi ò kì í tú síkúrù yẹn tán, mo máa ń dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kó ṣì máa fà, kí n wá fi ẹ̀yìn ìka gbá pẹpẹ jẹ́jẹ́, kọ́, kọ́, á máa sún bí ìlà kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà ti wà bẹ́ ẹ ṣe máa lò ó kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀: bátìrì àti káàdì ti wọnú ẹ̀, ìdérí lẹ́ǹsì ti kúrò, ojú ẹ̀ tó ń ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ṣí, okùn ọrùn ẹ̀ ti yọ pátápátá. Lórí kámẹ́rà tó wúwo àwọn nǹkan wọ̀nyí lè máà fi bẹ́ẹ̀ hàn, lórí èyí tó fúyẹ́ ìdérí lẹ́ǹsì lásán ti tó láti jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ tẹ̀ síwájú. Lẹ́ǹsì tó máa ń yọ síta tẹ́ ẹ bá sún un mọ́ nǹkan náà, ẹ yan ibi kan kẹ́ ẹ fi í síbẹ̀, torí gbogbo ìgbà tó bá yọ síta ni ìwọ̀n máa yí padà.

Tó bá ti dúró ṣánṣán láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́, ẹ wá dán ìṣubú ẹ̀ wò. Ẹ di ibi ìdìmú mú, ẹ tẹ ọ̀pá sùn kó wà ní ìbú, ẹ fi sílẹ̀, ẹ ka iye sẹ́kọ́ńdì tó máa fi dé òòró. Láàárín sẹ́kọ́ńdì 2 sí 3 ló dáa. Tó bá já wálẹ̀ gbì báyìí, ìsàlẹ̀ ti wúwo jù, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn tàbí tẹ́ ẹ dúró ló máa máa fì síwá sẹ́yìn, ẹ yọ wéètì kan tàbí kẹ́ ẹ fa ọ̀pá kúrú díẹ̀. Tó bá kọ̀ tí kò padà dìde, òkè ló wúwo jù. Mo rí i tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń to wéètì sísàlẹ̀ títí torí wọ́n gbọ́ pé ìwúwo dáa. Ìwúwo dáa lóòótọ́, àmọ́ tòkè tìsàlẹ̀ ló gbọ́dọ̀ jọ gbà á, ìsàlẹ̀ kàn gbọ́dọ̀ fi díẹ̀ ju òkè lọ ni.

Àléébù tó dùn mí jù lára stabilizer yìí ni ibi tí pèlétì kámẹ́rà ti ń wọlé, èyí tí wọ́n ṣe kó lè tètè yọ. Ó ń yẹ̀. Díẹ̀ ni o, ojú ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Ẹ di lẹ́ǹsì mú, ẹ mì í lápá ọ̀tún lápá òsì, ẹ tẹ́tí, ẹ máa gbọ́ tó ń ró kẹ́, kẹ́. Ìró kékeré yẹn lẹ máa rí nínú fídíò ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ yín bá kanlẹ̀, àwòrán á kàn ta pọ́ún lẹ́ẹ̀kan, kò sí sọ́fítíwià tó máa ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀ dáadáa. Mo fi téèpù tín-ín-rín kan lẹ ẹ̀gbẹ́ ibi tó ń wọlé, ó le pinpin báyìí. Ẹ má fi fóòmù tàbí rọ́bà tó nípọn sábẹ́ kámẹ́rà o, mo mọ̀ pé àwọn kan gbà gbọ́ pé á gba gbígbọ̀n mọ́ra, ohun tó ń ṣe ni pé kámẹ́rà á ní ibi tó ti lè máa jó fúnra ẹ̀. Rọ́bà pẹlẹbẹ tó le ni kẹ́ ẹ lò, kó kàn má jẹ́ kí kámẹ́rà yí lórí síkúrù ẹyọ kan yẹn. Ẹ fi owó ẹyọ yí síkúrù náà kó le, ìka nìkan ò tó.

Ọwọ́ kejì. Àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ni, lórí ọ̀pá, ní abẹ́ gimbal pẹ́kípẹ́kí, kẹ́ ẹ kàn fi kàn án. Tẹ́ ẹ bá gbá ọ̀pá mú, ẹ ti so ọwọ́ yín padà mọ́ kámẹ́rà nìyẹn, gbogbo iṣẹ́ gimbal ti di asán. Iṣẹ́ àwọn ìka yẹn ni láti darí ẹ̀ síbi tẹ́ ẹ ń lọ, kí wọ́n sì dá a dúró tẹ́ ẹ bá débẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí stabilizer yìí ò lè ṣe, torí àwọn tó ń tà á ò kì í sọ ọ́. Yíyí àti títẹ̀ ló ń gbà, kì í gba lílọ sókè sódò. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń gbẹ́sẹ̀ tí ara yín ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, kámẹ́rà máa bá yín gòkè bá yín sọ̀, apá yín nìkan ni sìpíríǹgì tó wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí igúnpá tẹ̀ díẹ̀, kí orúnkún náà rọ̀, kí gìgísẹ̀ kọ́kọ́ kanlẹ̀ kí àtẹ́lẹsẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Tó bá jẹ́ ohun tó wà lọ́nà jíjìn lẹ̀ ń yà, lílọ sókè sódò yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Tí òpó tàbí ojú èèyàn bá wà nítòsí, á hàn ketekete. Ẹni tó bá fẹ́ kó parẹ́ pátápátá, á wọ ẹ̀wù ìgbáyà tó ní apá onísìpíríǹgì, ìyẹn owó míì, ẹrù míì.

Lẹ́ǹsì tó ń wo fẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò. Èyí tó ń fa nǹkan mọ́ra máa ń fa gbígbọ̀n náà mọ́ra. Tẹ́ ẹ bá ń yà ní férémù 25 ní sẹ́kọ́ńdì kan, ẹ gbé shutter, ìyẹn bí àkókò tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀ fún férémù kan ṣe gùn tó, sí 1/50 sẹ́kọ́ńdì, tí ìmọ́lẹ̀ bá sì wà, tó bá yá díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ náà ò burú, pàápàá tẹ́ ẹ bá máa gbé e gba sọ́fítíwià lẹ́yìn náà, torí mo ti rí i dáadáa pé níbi tí ìmọ́lẹ̀ ò tó tí shutter falẹ̀, sọ́fítíwià á mú àwòrán dúró lóòótọ́, àmọ́ àwọ̀ á máa fà bàìbàì ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kanlẹ̀, èèyàn á máa wo nǹkan tó dúró tó tún ń ṣú bàìbàì, ó ń dá ojú lágara. Èyí tó ń mú àwòrán dúró nínú lẹ́ǹsì tàbí nínú kámẹ́rà fúnra ẹ̀, ẹ yà á pẹ̀lú ẹ̀, ẹ pa á kẹ́ ẹ tún yà á, kẹ́ ẹ wò ó. Lára àwọn kan, tẹ́ ẹ bá yí kámẹ́rà, á kọ́kọ́ kọ̀, á wá fò lójijì.

Ṣé kẹ́ ẹ kúkú ra stabilizer oníbátìrì, èyí táwọn èèyàn náà ń pè ní gimbal? Tó bá jẹ́ pé ohun tẹ́ ẹ máa yà gùn, tẹ́ ẹ sì fẹ́ kó tètè ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni, òun ló rọrùn. Àwọn ẹ́ńjìnnì kéékèèké inú ẹ̀ ló ń ṣe ohun tí ìwúwo ń ṣe níbí. Àmọ́ òun náà ní wàhálà tiẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà tó fúyẹ́: tí agbára ẹ́ńjìnnì bá pọ̀ jù fún un, á máa gbọ̀n wìnnìwìnnì, ẹ tiẹ̀ máa gbọ́ tó ń kùn, àwòrán á dà bíi jẹ́lì. Ẹ dín agbára yẹn kù nínú ètò ẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ jẹ́ kó wọn ara ẹ̀ fúnra ẹ̀. Òun náà ò gba lílọ sókè sódò. Èyí tí mo fẹ́ràn lára aláìníbátìrì yìí ni pé kò sí ìgbà tó máa kú lọ́wọ́ mi, bí mo bá sì fìka kàn án báyìí ló ń dáhùn, kì í dúró kó kọ́kọ́ rò ó. Ọwọ́ mi wà nínú àwòrán yẹn, mo sì fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọwọ́ máa ro yín ṣá. Gbogbo irin tí mo ní kẹ́ ẹ fi kún un, ọrùn ọwọ́ kan ló máa gbé e, mi ò lè pa irọ́ fún yín. Ẹ máa yà á ní kúkurú, ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ tún gbé e. Ẹni tí ọrùn ọwọ́ bá ń dùn tẹ́lẹ̀, kó má rà á. Ẹni tó sì fẹ́ gbé e fún ayẹyẹ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kó wá oníbátìrì tàbí ẹ̀wù ìgbáyà lọ.

Fún ẹni tó ní kámẹ́rà kékeré, tó ní sùúrù láti kọ́ ọ, tó sì máa fi pèlétì irin kún un, màá fún un ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Pèlétì tó ń yẹ̀ yẹn ló jẹ ọ̀kan tó kù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ má wo kíkùn ara ẹ̀, bẹ́rínì ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò. Ẹ di ibi ìdìmú mú, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ síbi gbogbo, kẹ́ ẹ wá yí ọ̀pá kó máa yí fúnra ẹ̀. Ó yẹ kó yí lọ gbọọrọ, kó dẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó tó dúró. Tọ́wọ́ yín bá mọ̀ ọ́n lára bíi pé iyanrìn wà nínú ẹ̀, tàbí tó bá ń dúró síbì kan náà ní gbogbo ìgbà, ẹ dá a padà kẹ́ ẹ ní kí wọ́n mú òmíì wá, torí irú ìyẹn, kò sí iye irin tẹ́ ẹ lè tò sí i tó máa jẹ́ kó dáa.